Ojú Kejì Tí Mo Fi Fún Arúgbó

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń kó ọkọ̀ kékeré jọ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fi ẹnu gbé e dé etí yín, èmi Eléyín ni mo ń kọ èyí. Dókítà ti la àyà mi, ó ti rán an padà, mo sì jí. Nígbà tí mo jí, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe ni kí n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kò jáde. Nǹkan kan dí i lọ́nà. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí nǹkan náà ti wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀bẹ dókítà lè yọ. Ẹnu tó fi í síbẹ̀ nìkan ló lè yọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó bá mi yọ̀ pé mo bọ́ lọ́wọ́ ikú, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná: Télọ̀ kì í ṣe olè. Kò fìgbà kan jẹ́ olè. Èmi ni olè náà, èmi kan náà ni mo sì dìde dúró láàárín yín tí mo jẹ́rìí pé òun ni.

Ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Bàbá Fíìmù. Nígbà tí àwọn òbí wa kú tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni, yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtìyàwó náà sì ní. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ìyàwó lòun fẹ́, òun kò fẹ́ àbúrò ìyàwó mọ́ ọn. Ohun tí ọkùnrin yìí sọ ni pé, "Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́ ògiri, àyè máa gba ọmọ náà." Àyè sì gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ta aṣọ sáàárín yàrá, mo ń sùn lápá kan, àwọn ń sùn lápá kejì, bí ọkùnrin náà bá sì fẹ́ hanrun, á kọ́kọ́ pè mí pé, "Àbúrò, ṣé o ti sùn? Tètè sùn o, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Òun ló rán mi nílé ìwé. Òun ló mú mi lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ eyín àtọwọ́ṣe, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun títí dòní. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣe ọmọ lóore tí kò bá dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi kò fi mọ sí bíi ọlọ́ṣà. Mo kó ẹrù náà lọ ní ti gidi.

Iṣẹ́ Bàbá Fíìmù ni kí ó máa gbé fíìmù sójú aṣọ funfun ní ilé sinimá. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, nínú yàrá kékeré òkè yẹn tí ooru ẹ̀rọ máa ń sọ di ààrò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni pàkúté tó mú mi wà. Orí kẹ̀kẹ́ irin pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń ká fíìmù sí láyé ìgbà yẹn, fíìmù kan sì lè gba kẹ̀kẹ́ márùn-ún. Bí ọ̀kan bá tán, ọ̀gá á gbé òmíràn sórí ẹ̀rọ, ọmọ iṣẹ́ á sì gbé èyí tó tán lọ sí yàrá ẹ̀yìn, á fi ọwọ́ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè ṣe é lò lọ́jọ́ kejì. Èmi ni ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tó gbẹ̀yìn bá ń lọ lójú aṣọ, tí àwọn kan ń pariwo, tí àwọn mìíràn ń fi etí aṣọ nu ojú, yàrá ẹ̀yìn ni mo wà, mò ń yí kẹ̀kẹ́ kẹrin padà. Gbogbo fíìmù ni mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N kò rí ìparí ọ̀kan rí. Tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá sì ní kí n sọ bó ṣe parí, ojú á tì mí láti sọ pé n kò mọ̀, mo máa ń fi ọgbọ́n orí mi parí ẹ fún wọn. Nínú fíìmù tèmi, ẹni ire kì í kú, ọlọ́ṣà á sì máa bẹ̀bẹ̀ kí iná tó tàn. Ẹ rí i pé irọ́ kì í ṣe ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nígbà tí mo dàgbà.

Láti ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ti ń kó àwọn ọkọ̀ irin kéékèèké jọ, irú èyí tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ṣe ní àwòṣe ọkọ̀ tó wà nínú fíìmù àtijọ́. Òfin kan ló ní: fíìmù tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sójú aṣọ, kò ní ra ọkọ̀ rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí ló ń tò wọ́n sí, gbogbo wọn ló sì máa ń kọ̀yìn sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ó ní ọkọ̀ tó bá kọjú sí ènìyàn, ọjà ló ń polówó, èyí tó bá kọ̀yìn ló ní ibi tó ń lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wọn, Arúgbó ni ọba. Takisí kékeré kan ni, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí pupa inú ẹyin adìẹ, òrùlé rẹ̀ dúdú. Inú fíìmù awakọ̀ kan ló ti wá, awakọ̀ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sá fún àwọn ọlọ́ṣà láti òkè dé odò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe púpọ̀ kí wọ́n tó kógbá wọlé. Bàbá Fíìmù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ti sọ fún mi nígbà kan, nínú ẹ̀rín, pé, "Tí mo bá kú, Àbúrò, ìwọ lo ni Arúgbó o." Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí ó tó mu omi tó wà níwájú rẹ̀ tán. Èmi ni n kò gbàgbé.

Ẹ mọ Télọ̀, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló máa ń di títì fún wa. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, àwa àgbàlagbà á to ọkọ̀ wa síbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Òun ló ń rán ìbòrí kéékèèké fún àwọn ọkọ̀ wa, tó ń fi rọ́bà sí etí rẹ̀ kí ó lè dì mú dáadáa. Á fi téèpù wọn ọkọ̀ tí kò ju ìka méjì lọ, á wá sọ fún ẹni tó ni ín pé, "Ìbàdí rẹ̀ ti ń tóbi o, kí ni ẹ ń fún un jẹ?" Òun ló fún mi lórúkọ Eléyín tó lé gbogbo orúkọ mìíràn lọ lára mi. Àwàdà kan ló sì máa ń fi gbogbo ìgbà bá Bàbá Fíìmù ṣe: "Ọjọ́ tí o bá fún mi ní Arúgbó, màá sẹ́ ni. Màá ní o kò fún mi, kí o lè tún fún mi ní òmíràn." Gbogbo wa máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò fi àwàdà yẹn dá a lẹ́bi lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàìsàn, tó sì pẹ́ ní ọsibítù, Télọ̀ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọ̀sán láti lọ jókòó tì í, kí ọkọ rẹ̀ lè ráyè lọ síṣẹ́. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò, mo ń lọ o, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá dín ni mò ń lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bọ́ nínú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ pè mí, ó ní, "Àbúrò, Télọ̀ máa pé ọgọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Arúgbó ni mo fẹ́ fún un. Kò sí ohun tí mo ní tó lè dúpẹ́ ohun tó ṣe fún wa, àfi èyí tí mo fẹ́ràn jù." Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi ń sọ pé: ta ló yí kẹ̀kẹ́ fún ọ? Ta ló gba ooru yàrá òkè yẹn sára? Ẹ wo ìwà mi. Ọkùnrin kan fẹ́ san oore tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n tèmi, èmi ni inú ń bí. Ó gbé Arúgbó jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun fi àwọn búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yọ eruku ara rẹ̀, kí n fi òwú wé e sínú páálí dáadáa. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni ọwọ́ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Arúgbó kan ọwọ́ mi.

Mo gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣe fún un ohun tí mò ń ṣe fún ẹnu àwọn arúgbó gidi. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú lẹ́ẹ̀ tí a fi ń gba òǹtẹ̀ ẹnu, kí n lè da irin yíyọ́ sínú òǹtẹ̀ náà, kí èkejì rẹ̀ tí n ó fi rọ́pò rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò nínú lẹ́ẹ̀ ni mo tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Iná iwájú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó wà lápá òsì, ihò lásán ló wà níbẹ̀. Mo rò pé lẹ́ẹ̀ mi ló fà á yọ. Mo fi abẹ́rẹ́ tú lẹ́ẹ̀ náà wóńwóń, mo gbá ilẹ̀, mo gbọn bàtà mi, mo tú ìṣẹ́po ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. N kò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ fíìmù náà ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ní ìparí fíìmù, awakọ̀ náà kọlu òpó, iná òsì fọ́, ojú kan yẹn ló sì fi tàn wọ ìlú lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kékeré náà mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sílẹ̀ ni, ihò yẹn gan-an ni iyì rẹ̀. Kò sí akóọkọ̀jọ kan tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n inú kẹ̀kẹ́ karùn-ún nìyẹn wà, yàrá ẹ̀yìn sì ni mo wà. Àti nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn Arúgbó nìkan ni mo máa ń rí.

Mo wá tu ara mi nínú. Mo ní èyí tó fọ́ kò burú, ọ̀dọ̀ mi náà ló máa gbé. Èyí tí ojú yóò rí ni kò gbọdọ̀ ní àbùkù. Ẹni tó ń fi eyín dí àlàfo ẹnu jẹun kò lè rí àlàfo kó fi í sílẹ̀. Mo po lẹ́ẹ̀ tuntun, mo gba òǹtẹ̀ mìíràn, mo da irin sí i. Mo mú eyín funfun kan, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dà bí orí abẹ́rẹ́, mo dán an, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òsì ọkọ̀ tí mo ṣe. Mo kun ún lọ́dà. Ó dára débi pé mo ń fi í yangàn fún ara mi. Mo fi òwú wé e, mo fi téèpù alẹ̀mọ́ lẹ páálí náà yíká, mo gbé e padà fún Bàbá Fíìmù. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má tú u mọ́ o, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́." Ó ní, "Ìwọ lo dì í, kí ni màá tún máa tú wò?" Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ọ̀bẹ dókítà lọ nígbà tí mo rántí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, kò dùn mí rárá.

Ẹ rántí ọjọ́ ìbí náà. Télọ̀ gba páálí, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ látinú bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní òun kò ní tú u níwájú àwa aláròyé, torí ẹkún òun kì í ṣe fún ìwòran. Ó gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo wa pé sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé páálí náà sórí tábìlì, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tí o kò bá fẹ́ fún mi, o lè sọ. Kí ló dé tí o fi ayédèrú dá mi lọ́lá?" Bàbá Fíìmù mú ọkọ̀ náà, ó yí i kọjú sí ara rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Èyí kọ́ ni mo fún ọ. Arúgbó kò ní ojú méjì." Ibẹ̀ ni èmi náà ti gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Télọ̀ ní, "Èyí ni mo bá nínú páálí." Bàbá Fíìmù ní, "O ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé o máa sẹ́. Mo rò pé àwàdà ni." Ọ̀rọ̀ wá di ariwo. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ti ń jẹ nínú abọ́ kan láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú, wọ́n ń na ìka sí ara wọn lójú nítorí ohun tí èmi ṣe, tí mo sì dúró tì wọ́n tí mò ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra."

Ọ̀kan nínú yín, n kò ní sọ ẹni náà, ló ní, "Ẹ jẹ́ kí Eléyín wò ó. Òun ló nu ún kẹ́yìn, òun ló sì ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá." Bàbá Fíìmù na ọkọ̀ náà sí mi. Ó ní, "Àbúrò, sọ òtítọ́. Báwo ló ṣe rí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, àyè wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lè sọ ọ́, kí wọ́n bú mi, kí ó tán. Mo fi awò sójú. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mò ń wò, eyín mi ń tàn sí mi lójú. Mo pẹ́ lórí rẹ̀ bí adájọ́. Mo ní, "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe dá a padà. Ọ̀dà tó wà lára eléyìí, kò tíì pé ọjọ́ méjì tí wọ́n kùn ún." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò pọn dandan. Páálí ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ilé Télọ̀ ló sùn mọ́jú. Gbogbo orí yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà lọ́jọ́ yẹn, irọ́ tèmi ni gbogbo yín rà. Ohun tí Télọ̀ sọ kò ju èyí lọ: "Ó dáa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti sọ̀rọ̀." Ó yọ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó ní kí a jọ̀ọ́ òun fẹ́ gé aṣọ oníbàárà. A kó ọkọ̀ wa, a jáde. A kò pàdé níbẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ẹ mọ ìyókù. Ẹ mọ bí Télọ̀ ṣe pín gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ fún ọmọ àwọn oníbàárà, ọ̀kan fún ẹni tó bá bá ìyá rẹ̀ wá wọn aṣọ. Ẹ sọ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Ẹ mọ bí Bàbá Fíìmù ṣe ń gba títì mìíràn kí ó má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé Arúgbó gidi wà lábẹ́ tábìlì mi láàárín àwọn òǹtẹ̀ ẹnu, nínú páálí tí mo kọ "àgbọ̀n ìsàlẹ̀" sí lára, n kò sì gbádùn rẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdajì adùn ọkọ̀ kékeré ni kí ènìyàn fi han ẹlòmíràn. Ta ni n ó fi èyí hàn? Mo máa ń ṣí páálí náà, á máa fi ojú kan wò mí, màá tún pa á dé.

Lẹ́yìn náà ni àyà mi bàjẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Bàbá Fíìmù àti ẹ̀gbọ́n mi ń wá láàárọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo la ojú, mo rí Télọ̀. Ó mú ẹ̀wù kan dání tó rán fún mi, aṣọ rírọ̀, tí iwájú rẹ̀ ṣí láti òkè dé ilẹ̀, tó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so. Ó ní, "Mo ro ibi tí ọgbẹ́ náà máa wà. Bọ́tìnnì máa gún ọ, ẹ̀wù tí wọ́n ń bọ̀ láti orí kò ní jẹ́ kí o gbé apá. Okùn ló dára." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń wá ní gbogbo ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í pé ṣé kò bínú sí mi ni. Ó ní, "Nítorí kí ni? Ohun tí ojú rẹ rí lo sọ." Ó wá tún okùn ẹ̀wù náà so fún mi, ó ní, "Mo rò ó sí ọ lẹ́ẹ̀kan o, pé bóyá ìwọ ni. Ojú tì mí pé mo rò bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tí ọ̀rẹ́ mi tọ́. Dárí jì mí." Ẹ gbọ́ o, òun ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó tún ní, "Mo gbọ́ pé Bàbá Fíìmù àti ẹ̀gbọ́n rẹ ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ọ̀nà jíjìn. Tí ara rẹ bá yá, bá mi sọ fún un kí ó tó lọ pé n kò mú un. Ẹnu rẹ ló gbà gbọ́." N kò lè sùn mọ́ lẹ́yìn èyí. Ẹ̀wù ara mi ń tù mí lára, ẹni tó rán an ni mo ti bà jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n kó lọ. Mo ní kí Bàbá Fíìmù àti ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní yàrá iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo ránṣẹ́ sí Télọ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn, Bàbá Fíìmù fẹ́ padà, ẹ̀gbọ́n mi ló di apá rẹ̀ mú. Mo gbé Arúgbó gidi kalẹ̀. Mo gbé èkejì tì í, torí ẹ̀gbọ́n mi ti tọ́jú rẹ̀ sílé láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé e bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún mi láìmọ ìdí tí mo fi tọrọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ fún yín yìí. Mo sọ ti kẹ̀kẹ́ karùn-ún, mo sọ ti lẹ́ẹ̀, mo sọ ti eyín. Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ayédèrú náà sún mọ́ ojú, ó ní, "Eyín? Eyín ènìyàn lo fi sí mọ́tò lójú?" Ẹ̀rín sì gbé e. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú, ó ní, "Ẹ gbà mí o! Mo ti ń wá ibi tí mo ti rí irú funfun yẹn rí fún ọdún mẹ́sàn-án!" Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Fíìmù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò wò mí. Ó kọjú sí Télọ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́, mo pè ọ́ lólè níwájú èèyàn. Àbúrò mi parọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni mo fi pè ọ́." Télọ̀ ní, "O ti pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ báyìí, èyí ti borí."

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo fẹ́ máa dúpẹ́. Ni Télọ̀ wá jókòó, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Eléyín, n kò sọ èyí láti fi dá ọ lóró, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣẹ́kù sínú mi. Kí ìyá àwọn ọmọ mi tó kú, ó ní kí gbogbo wọn jáde. Ó ní, bàbá àwọn ọmọ mi, ó ku èmi àti ìwọ, ṣé o mú un? Mo ní n kò mú un. Ó ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀. Ó fẹ́ gbà mí gbọ́, ẹ̀rí tìrẹ ni kò jẹ́. Ó máa ń sọ pé ọkùnrin tó ṣe eyín tó bá òun lẹ́nu mu tó báyìí, ojú rẹ̀ kò lè ṣi nǹkan wò." Èmi ni mo ṣe eyín obìnrin yẹn lóòótọ́, tòkè tìsàlẹ̀. Nígbà tí mo wá fi í sí i lẹ́nu, ó wo dígí, ó súre fún mi títí mo fi jáde ní ilé rẹ̀. Télọ̀ gbé ọkọ̀ méjèèjì, gidi àti ayédèrú. Ó ní, "Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri nílé. Mo fẹ́ lọ fi àwọn wọ̀nyí hàn án." Bàbá Fíìmù ní, "Dúró, a jọ ń lọ ni." Àwọn méjèèjì jáde. Mo fẹ́ dìde tẹ̀lé wọn, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Jókòó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán àyà rẹ ni."

Télọ̀ ló ní kí n kọ èyí. Mo bi í pé kí ni kí n fi tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe, ó ní kí n wá gbogbo etí tó gbọ́ irọ́ náà, kí n fi òtítọ́ sí i. Ó bá Bàbá Fíìmù àti ẹ̀gbọ́n mi di ẹrù lọ́jọ́ tí wọ́n kó lọ, òun ló rán aṣọ tí wọ́n fi bo kọ́bọ́ọ̀dù onídígí. Bàbá Fíìmù ti bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà, kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ó pè mí ní Àbúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́wọ́ Télọ̀ tó rán ẹ̀wù fún ẹni tó bà á lórúkọ jẹ́, lọ́wọ́ dókítà tó fún mi ní ọjọ́ tí mo fi sọ ọ́. Oore tí wọ́n ṣe fún mi láyé yìí pọ̀ ju ìwà mi lọ, ó sì ń dùn mọ́ mi báyìí láti sọ bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tó dí mi lọ́fun. Ẹ̀yin tí mo parọ́ fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, kí ẹ sì padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, tábìlì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa jẹ́wọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí gbogbo etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì ń gbọ́ràn. Mo ṣe eyín fún obìnrin kan, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Eyín yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí kò yẹ kó bi í. Òun ni kò sí lára yín láti ka èyí.